Bí Ẹ̀rọ Bá Ń Fín Ọnà Awọ, Ọnà Ta Ni Ó Ń Fín?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó epo. Ọ̀rọ̀ awọ ni. Ẹni tí ó bá rò pé awọ kò kọjá ohun tí à ń rà ní ọjà Òṣòdì fún ọbẹ̀ alẹ́, kí ó fara balẹ̀. Pọ̀nmọ́ kọ́ ni a ń wí. Awọ tí a fi ń ṣe bàtà, àpò, ìgbànú, tìmùtìmù àti àkọ̀ idà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, àti ọnà tí ó máa ń wà lára irú awọ bẹ́ẹ̀.

Láàárín ọdún mélòó kan sí àkókò yìí, ẹ̀rọ kékeré kan ti wọ ìlú Èkó, àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè jókòó sórí tábìlì tí ọmọ ilé-ìwé fi ń ka ìwé. Iná ni ó fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná tí ń jó lala. Ìtànṣán kan ni, tí a kó jọ sójú kan títí tí ó fi tín-ín-rín bí ṣóńṣó abẹ́rẹ́. Lésà ni orúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó ń darí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ibi tí ó bá sì kàn lára pákó tàbí ike líle ni yóò gbẹ́ kúrò. Ní Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé Èkó kó jọ sí, wọ́n ti mọ àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀rọ yìí, àwọn ńlá tí owó wọn kì í ṣe owó ọmọdé. Àbúrò wọn ni èyí tí a ń sọ, èyí tí ènìyàn lè rà láti máa fi ṣeré nínú ilé, tí eré náà yóò sì di iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lò ó nínú iṣẹ́ awọ. Àwọn kan ń jẹ́ kí iná náà kọ ọnà sára awọ tààrà, bí ìgbà tí àwọn Fúlàní bá fi irin gbígbóná sàmì sára màlúù. Èyí kò le, kò sì pẹ́. Ṣùgbọ́n àpá iná ni ó ń fi sílẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bí òórùn irun tí ó jó. Ọ̀nà kejì ni ó gba ọgbọ́n: kí a fi lésà gbẹ́ òǹtẹ̀, kí a wá fi òǹtẹ̀ náà tẹ ọnà sára awọ tí a ti rin. Iná kò kan awọ náà rárá. Ọnà yóò rì níbi kan, yóò yọ níbòmíràn, àfi bí ẹni pé a bí i mọ́ ara awọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé rẹ̀ díẹ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ràn láti mọ ìdí abájọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òǹtẹ̀ yóò kọ́kọ́ ya ọnà rẹ̀. Yóò yí i padà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, nítorí pé ohun tí ó wà ní ọ̀tún lára òǹtẹ̀ ni yóò bọ́ sí òsì lára awọ; ẹni tí ó bá gbàgbé èyí, orúkọ oníbàárà ni yóò fi ẹ̀yìn jáde lára ìgbànú. Ibi tí ó bá ga lára òǹtẹ̀ ni yóò rì lára awọ, ibi tí ó bá jin ni yóò sì yọ síta. Jíjìn náà kò ju mìlímítà 1 sí 1.5 lọ, síbẹ̀ ìtànṣán kò lè gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Yóò gba orí ojú kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, tí àlàfo àárín ìlà méjì kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Ìyẹn ni pé ìlà 100 ni ó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo! Ìdí nìyí tí ọnà náà fi lè kún fún ohun wínníwínní tí abẹ kò lè gé, òun náà sì ni ìdí tí òǹtẹ̀ tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ fi lè gba wákàtí púpọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ.

Oríṣi ohun tí a ó fi ṣe òǹtẹ̀ náà kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Igi líle dára, plywood náà sì ṣe é lò fún iṣẹ́ tí kò pọ̀. Ike tí wọ́n ń pè ní acrylic dára jù wọ́n lọ nítorí kò ní ojú igi tí yóò tẹ̀ mọ́ awọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré oníná aláwọ̀ búlúù kò lè gbẹ́ acrylic tí ó mọ́ gaara. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò gba inú rẹ̀ kọjá bí oòrùn ṣe ń gba inú fèrèsé onídígí wọlé. Dúdú ni kí a rà. Bí ó bá ti gbẹ́ ẹ tán, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ èédú kúrò, a ó sì dá etí rẹ̀ mímú pa díẹ̀, kí ó má bàa gé awọ dípò kí ó tẹ̀ ẹ́.

Awọ fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí ọkàn tirẹ̀. Èyí tí a fi èso tàbí èèpo igi ṣe nìkan ni ó máa ń gba òǹtẹ̀ tí kì í sì í jẹ́ kí ó lọ. Nílẹ̀ Hausa, láti ayébáyé, èso igi bọ̀ọ̀ní ni wọ́n fi ń ṣe awọ ewúrẹ́; òun ni ó gba aginjù Sàhárà kọjá lórí ràkúnmí dé etí òkun òkè, tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní awọ Mòrókò, tí wọn kò sì mọ̀ pé Kánò àti Sókótó ni ó ti wá. Awọ tí a fi oògùn chrome ṣe, èyí tí ó pọ̀ jù lọ lóde òní, yóò wú padà bí fóòmù ní kété tí a bá ti gbé òǹtẹ̀ kúrò. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ wá awọ tí ó yẹ, kí ó fi kànìnkànìn rin ín, kí ó sì dúró títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù bí a bá gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìgbà náà gan-an ni à ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá lówó ẹ̀rọ ìtẹ̀, jáàkì tí àwọn mẹkáníìkì fi ń gbé ọkọ̀ sókè tó o, bí a bá lè jó irin mẹ́rin pọ̀ yí i ká. Ládípọ̀ kò sì jìnnà sí Òṣòdì. Kí ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́, kí ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Òòlù kọ́ ni kí ó fi lù ú.

Ewu kò ṣàì sí ńbẹ̀. Ìtànṣán náà lè fọ́ ojú, ènìyàn kò sì gbọdọ̀ wò ó láìlo awò tí a ṣe fún un. Ike PVC kò gbọdọ̀ dé abẹ́ rẹ̀ láé, nítorí èéfín májèlé tí ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń tú jáde. Ní ilé alájùmọ̀gbé tí yàrá kọjú sí yàrá, irú èyí tí ó pọ̀ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, èéfín ẹnì kan ni ikọ́ gbogbo ilé. Kí a wá fáànù tí yóò fà á síta, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lórí iná kí ó lọ ra àkàrà.

Ó tó báyìí nípa ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí ìjà.

Àwọn àgbà kan wà tí wọ́n gbà pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá fọwọ́ kàn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mọ́, pé ọmọ tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà fín ọnà kò kọ́ṣẹ́, ó kàn ra iṣẹ́ ni. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, láti inú orí wọn wá; láti ọwọ́ wọn ni Ìbàdàndùn ti jáde, pẹ̀lú òpó gbọ̀ngàn Mápó lára rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin gbé páànù, wọ́n gé ọnà sínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ gba ojú páànù náà kọjá sórí aṣọ. Ọlọ́ba, tí ó gbajúmọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ páànù ni. Ayẹyẹ ọdún 25 tí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún gun orí oyè ní 1935 ni wọ́n fi ṣe é. Ta ni ó ń sọ lónìí pé Ọlọ́ba kì í ṣe àdìrẹ? Páànù Abẹ́òkúta ni àǹtí òǹtẹ̀ lésà. Irin ìgbà náà ni irin ìgbà náà, iná ìgbà yìí ni iná ìgbà yìí. Ọwọ́ tí ó ya ọnà kí a tó gé e ni kí a bi léèrè.

Ibi tí àríyànjiyàn gidi wà nìyẹn. Bí ọ̀dọ́ kan ní Ìsọlọ̀ bá tan ẹ̀rọ rẹ̀ lónìí, níbo ni yóò ti rí ọnà tí yóò fún un jẹ? Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Kí ni yóò sì bá níbẹ̀? Òdòdó àti ewé tí àwọn oníṣẹ́ gàárì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń fín, kìnnìún àwọn ìdílé ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù, ìdì, agbárí òkú. Fáìlì wọn ti wà ní sẹpẹ́. Ènìyàn kò nílò ju kí ó sanwó táṣẹ́rẹ́ kí ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ṣé irú àpò bẹ́ẹ̀ burú? Rárá. Ó lè wuyì lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bá dúró ní Òṣòdì tí ó ní òun fẹ́ mú ohun kan láti ìlú Èkó lọ sílé, tí a sì gbé rósì Amẹ́ríkà fún un lára awọ Kánò, ẹ̀yin ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí.

A kò dá ọ̀dọ́ lẹ́bi. Ọnà tiwa kò sí nínú fáìlì nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò yà á sílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ojú ti wà. Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, mẹ́nu bà wọ́n pé fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe awọ tí wọ́n bá fẹ́ lò. Pòròpórò okà bàbà ni wọ́n ń fi pa awọ láró pupa ní ìhà òkè, omi irin dídíbàjẹ́ ni ti dúdú. Èyí tí a sì mọ̀ wọ́n mọ̀ jù lọ ni kí wọ́n gé awọ aláwọ̀ kan sí ọnà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n rán an mọ́ orí òmíràn, pupa lórí funfun, dúdú lórí pupa. Abẹ ni ohun èlò wọn, òǹtẹ̀ kọ́.

Nítorí náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ní dùn mọ́ àwọn oníṣòwò kan nínú. Ọnà títẹ̀ kì í ṣe ọnà gígé. Ẹni tí ó bá tẹ ọnà sára àpò pẹ̀lú jáàkì, tí ó wá gbé e lọ sí ọjà, tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀yọ́ ni, irọ́ ni ó pa, olè ni ó sì jà: ó ja oníbàárà ní olè owó, ó ja arúgbó tí ó ṣì ń fi abẹ gé awọ ní olè orúkọ. Kí ó sọ òótọ́ pé òǹtẹ̀ ni òun fi ṣe é. Ohun tí a fi òǹtẹ̀ ṣe ní iyì tirẹ̀ àti iye tirẹ̀. Ní ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin tí ó ń ra àpò lè fi ọwọ́ pa á kí ó sì mọ èyí tí a rán yàtọ̀ sí èyí tí a lẹ̀. Ó yẹ kí ó lè mọ èyí tí a gé yàtọ̀ sí èyí tí a tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó wúwo ju ti owó lọ. Kì í ṣe gbogbo ọnà ni ọnà ọjà. Ẹ mú làbà Ṣàngó, àpò awọ pupa tí àwọn àwòrò ń gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n ń kó ẹdùn àrá sí. Ojú rẹ̀ pín sí ìpín mẹ́rin, ọnà sì wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Ní 1962, Wescott àti Morton-Williams, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, kọ odidi àpilẹ̀kọ kan lórí ìtumọ̀ làbà yìí. Àwòrán irú àpò bẹ́ẹ̀ ti wà káàkiri; ẹ̀rọ lésà lè sọ ọ́ di òǹtẹ̀ ní ọ̀sán kan, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sára ìtẹ̀lẹ̀ sálúbàtà ní ọ̀sán kejì. Àwa, yálà a ń bọ Ṣàngó tàbí a kò bọ ọ́, a kò rò pé ohun tí a fi gbé ẹdùn àrá kọ́ èjìká yẹ ní abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Onígbàgbọ́ kò ní fẹ́ kí a tẹ àgbélébùú sí ibi tí gìgísẹ̀ ń gbé, Mùsùlùmí kò sì ní gbà kí a kọ orúkọ Ọlọ́run síbẹ̀. Ọ̀wọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọ̀dọ́ náà èyí tí ó ṣe é tẹ̀ àti èyí tí kò ṣe é tẹ̀, bí àwọn tí ó mọ̀ bá dákẹ́?

Òfin pàápàá kò dákẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022, gẹ́gẹ́ bí ti 1988 tí ó rọ́pò, dáàbò bo iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ máa fi pawó lẹ́yìn òde ìlò tí àṣà ti fi í sí, ó sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá lò ó dárúkọ àwùjọ tí ó ti mú un. Iye àwọn tí ó mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà ní ọjà Òṣòdì kò lè pọ̀. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sí inú àpò, ìyẹn irú ọnà tí ó jẹ́, ìlú tí ó ti wá, àti ọwọ́ tí ó tẹ̀ ẹ́, a ti ṣe púpọ̀ nínú ohun tí òfin ń béèrè, àpò náà yóò sì tún wọ́n sí i lójú ẹni tí ó rà á.

Òṣòdì ni a dìídì ń bá wí, a sì ní ìdí. Orúkọ Òṣòdì Tápà, ìjòyè ọmọ Núpé tí ó bá Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, tí ó sì kú ní 1868, ni ìtàn sọ pé àdúgbò náà ń jẹ́. Núpé sì ni ìran tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ wọn ní Bídà ń lu ọnà láti ẹ̀yìn kí ó lè yọ níwájú, iṣẹ́ tí ó bá òǹtẹ̀ tan pátápátá. Ìdí kejì kò ní ewì nínú. Ní January 2009, ìjọba wó ọjà Òṣòdì. Ní January 2016, wọ́n tún wó Owónífáàrí. Ohun yòówù kí a rò nípa ìdí tí wọ́n fi wó wọn, oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà níbẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ pé ṣọ́ọ̀bù lè má sí mọ́ láàárín òru kan. Ẹ̀rọ tí ó lè jókòó sórí tábìlì nínú yàrá, tí iná tí ó ń jẹ kò tó èyí tí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ń jẹ, tí inverter kékeré sì lè gbé, kì í ṣe ìṣeré fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ni.

A kò wá ní ṣàì bá àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ wí. Ní 2011, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ mú iṣẹ́ ọwọ́ 34 wọ ilé-ìwé gíga oníwèé mẹ́wàá, ṣíṣe ohun èlò awọ àti títún wọn ṣe wà lára wọn. Inú wa dùn nígbà náà. Àwọn ilé-ìwé tí ó rí olùkọ́ fún un kò pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Nínú ìlànà tuntun ti 2025, a dín 34 kù sí 6: iná oòrùn, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ara ṣíṣe lóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ohun ọ̀gbìn. Awọ kò sí níbẹ̀. A kò ní ohunkóhun lòdì sí àwọn mẹ́fà náà. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nípa awọ wà ní Zaria, tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà sì fẹ́ kí a fi òfin de pọ̀nmọ́ ní 2022 kí awọ lè tó ṣiṣẹ́, orílẹ̀-èdè náà ni ó yọ iṣẹ́ awọ kúrò nínú ìwé àwọn ọmọ! Ẹ gba awọ lẹ́nu wa, ẹ kò sì fi kọ́ ọmọ wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Òṣòdì, Ìsọlọ̀, Ẹjigbò àti Màfolúkù, ẹ má dúró de ìlànà kankan. Ẹ kò nílò lésà láti bẹ̀rẹ̀. Ní sáà kan ṣoṣo, ẹ rán ọmọ kọ̀ọ̀kan padà sílé pẹ̀lú rúlà, pẹ́ńsùlù àti ìwé aláàfo. Kí ó wá ohun awọ kan tí ó ti pẹ́ nínú ilé, ìbáà ṣe tìmùtìmù ìyá àgbà, abẹ̀bẹ̀, tàbí àpò tí bàbá gbé wá láti Ọ̀yọ́. Kí ó ya ọnà ara rẹ̀ bí ó ti rí gan-an. Kí ó béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sì kọ orúkọ, ìlú, àti bí ó bá ní èèwọ̀. Àwọn tí kò bá rí nǹkan nílé, ẹ kó wọn lọ sí Oníkan, níbi tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí a ṣí ní 1957 wà, tí Ibùdó J. K. Randle fún Àṣà àti Ìtàn Yorùbá náà sì wà nítòsí rẹ̀. Bí ìwé náà bá kún, ẹ wá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹ́rọ wọ̀nyí nínú àdúgbò, kí ó sọ méjì nínú àwòrán náà di òǹtẹ̀ níwájú àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣí àpótí yín kí eku tó ṣí i. Bí ọmọ bá sì gbé ìwé àti rúlà wá bá yín láti béèrè orúkọ ọnà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún un pé kí ó lọ kàwé rẹ̀.